Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ Náírà: Ìtàn Owó àti Ìṣirò Tó Fara Pamọ́ Sínú Èdè Ọjà

Ọjà ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣu tàbí ata. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá iye lé ọjà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé ìtàn pọ̀ nínú wọn ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ.

Ìfàkì-Èkìtì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìlú oríta ni. Ọ̀nà tó ti Adó-Èkìtì bọ̀ pín sí méjì níbẹ̀: ọ̀kan kọjú sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, èkejì kọjú sí Ìdó. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ ń gba agbègbè yìí kọjá, wọ́n sì ń ná ọjà níbẹ̀. Ohun kan wà tí mo máa ń gbọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ yìí àti àwọn ìyá ọlọ́jà. Ọmọ a béèrè pé, “Ẹ kú ọjà mà, eélòó ni tòmátì yìí?” Ìyá a dáhùn pé, “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni, ọmọ mi.” Ọmọ a dákẹ́, a máa wo ìyá lójú. Ìyá a rẹ́rìn-ín, a ní, “Wọ̀n taosàn, faìfù ọ́ńdirẹ́ẹ̀dì.” Ìgbà náà ni ọmọ yóò tó mọ iye tí yóò san.

Kì í ṣe àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ bíbí Èkìtì tí wọ́n bí sí ulé bàbá rẹ̀, tó ń sọ Yorùbá dáadáa, kò mọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Wọ́n á ní ìṣirò Yorùbá le jù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé kò le nígbà kan rí, nítorí pé ọwọ́ àwọn tó ń ka owó lọ́jà ló dá a sílẹ̀.

Ọjà ọrún: báwo ni márùn-ún ṣe jẹ́ mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọjọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọjà ni a ń pè ní ọjà ọrọọrún, ìyẹn ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì kà á. Bí a bá ná ọjà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a óò tún ná an. Aláwọ̀ funfun yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ta ló wá ṣì í kà nínú wa?

Kò sí ẹni tó ṣì í kà. Àwọn baba wa ń ka ọjọ́ tí wọ́n dúró sí mọ́ ọn: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ó pé márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ìsán, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹ̀sán, ṣe jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń yí po. Àti ìtàdógún, tí ó túmọ̀ sí ẹ̀ta dín ní ogún, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń ṣe ìpàdé, tí ó sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: ẹ rí i pé ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè pa òmíràn lára. Ohun tó fa èyí ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa, tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fetí sí ẹnu ara yín. Ọjọ́ tó ṣáájú àná ni a ń pè ní ìjẹta. Ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Bí ẹni kan bá sì ní “òní ọjọ́ kẹjọ”, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ń sọ.

Kì í ṣe àwa nìkan là ń ka ọjọ́ báyìí. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọjà kan tí wọ́n ń pè ní nundinae. Inú ọ̀rọ̀ wọn fún ẹ̀sán ni orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń ná an, gẹ́gẹ́ bí ọjà ìsán tiwa gẹ́lẹ́. Títí di òní, bí ará Faransé bá fẹ́ sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò wí.

Ètò yìí kì í ṣe eré. B. W. Hodder, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ibùgbé ènìyàn, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọjà ìgbèríko Yorùbá ní nǹkan bí ọdún 1960 sí i, ó sì fi hàn pé ńṣe ni àwọn ìlú tó múlé gbe ara wọn ń pín ọjọ́ ọjà láàárín ara wọn, kí ọjà kan má bàa pa èkejì. Ẹni tó ń ta iṣu lè ná ọjà ìlú kan lónìí, kó sì ná ti ìlú kejì lọ́la.

Òkìtì owó ẹyọ àti orúkọ nọ́ńbà

Nígbà tí àwọn ènìyàn yìí dé ọjà, kí ni wọ́n fi ń rà, kí ni wọ́n fi ń tà? Owó ẹyọ ni. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún àpò kan, tí a ń pè ní ọ̀kẹ́: 20,000 owó ẹyọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ “ọ̀kẹ́ kan” lónìí, ẹ rántí pé àpò gidi ni nígbà kan rí, tí ènìyàn ń gbé lórí. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi ń sọ pé “ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn”.

Ní ọdún 1887, àlùfáà ìjọ CMS kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Adolphus Mann, ẹni tó ti gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ní ọdún 1862, kọ àkọsílẹ̀ kan lórí nọ́ńbà Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí àwọn tó ń ka owó ṣe ń ṣe é. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ fa owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́rin di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á gbá ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀, ó di òkìtì igba. Lẹ́yìn náà, òkìtì igba yìí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe owó ẹyọ ní oókan-oókan mọ́.

Ẹ wá wo àwọn nọ́ńbà wa pẹ̀lú ojú yìí. Ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún, ẹgbẹ̀jọ ni igba mẹ́jọ. Bí ẹ bá sì fetí sí irínwó dáadáa, ẹ óò gbọ́ pé owó wà nínú rẹ̀.

Báwo wá ni 500 ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Ẹ fi ojú inú wo òkìtì mẹ́ta nílẹ̀. Ẹ mú ìdajì òkìtì kẹta kúrò, ìyẹn ọgọ́rùn-ún. Ó ku 500: ẹgbẹ̀ta tí a ti dín ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ìyá ọlọ́jà wa: òkìtì mẹ́jọ jẹ́ 1,600, ẹ mú ìdajì òkìtì kan kúrò, ó di 1,500. Ẹni tó ní òkìtì níwájú kò nílò bébà tàbí bírò. Ojú rẹ̀ ń rí i, ọwọ́ rẹ̀ ń mú un kúrò.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìṣirò tó ń dín dípò kó máa rò pọ̀ jẹ́ ohun àjèjì láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Róòmù ń pe 18 ní “méjì kúrò nínú ogún”, gẹ́gẹ́ bí méjìdínlógún wa. Ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, orúkọ 50 títí di òní ni halvtreds, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ “ìdajì ìkẹta, ní ọ̀nà ogún”. Ogún mẹ́ta tí a dín ìkẹta kù sí ìdajì: àádọ́ta wa nìyẹn gẹ́lẹ́! Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń kọ́ èdè Faransé nílé ìwé, ń pe 80 ní quatre-vingts, ìyẹn ogún mẹ́rin. Kí ni ọgọ́rin bí kò bá ṣe ogún mẹ́rin? Kò sí ẹni tó ń sọ fún ará Faransé tàbí ará Dẹ́ńmáàkì pé kó pa nọ́ńbà rẹ̀ tì nítorí pé ó le.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára owó ẹyọ

Kò yẹ kí a gbé owó ẹyọ gẹ̀gẹ̀ kí a gbàgbé ibi tó ti wá. Òkun wa kò bí i. Inú Òkun Íńdíà, ní erékùṣù Maldives, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Arìnrìn-àjò nì, Ibn Battuta, rí i níbẹ̀ láàárín 1343 sí 1344, ó sì tún bá a gẹ́gẹ́ bí owó ní ilẹ̀ Mali ní 1352. Ọ̀nà aṣálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí àwọn Potogí àti àwọn Òyìnbó mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí òkun wá, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá, ènìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ náà sì ń kó lọ. Jan Hogendorn àti Marion Johnson kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1986, wọ́n sì so owó ẹyọ mọ́ òwò ẹrú láti orí àkòrí ìwé náà.

Láti ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi kejì, tó tóbi díẹ̀ ju ti Maldives lọ, wá láti etíkun Zanzibar, nítorí pé ó dínwó níbẹ̀. Owó ẹyọ wá kún ilẹ̀. Ohun tó sì pọ̀ jù kì í níyì. Ohun tí okùn díẹ̀ ń rà tẹ́lẹ̀ wá ń gba ẹgbàá, èyí tí ẹgbàá ń rà wá ń gba ọ̀kẹ́. Òfin yìí kan náà ló ń yọ wá lẹ́nu lónìí nígbà tí ọjà bá gbówó lórí. Àsìkò yìí kan náà sì ni ogun ń jà ní ilẹ̀ Èkìtì, títí dé ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn tí ogun kó nígbà náà, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń dá iye lé orí wọn. Nọ́ńbà tí a ń kà lónìí ti ka iṣu, ó sì ti ka ènìyàn.

Kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀, owó onírin ni wọ́n fẹ́ kí a máa ná. Owó orí kò ṣeé san pẹ̀lú owó ẹyọ mọ́, àwọn tó ń ra kòkó sì ń fi ṣílè sanwó. Láti 1907 ni owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n dá ihò sí láàárín ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìyẹn kọ́bọ̀ àti onínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ihò yìí mú kí ènìyàn lè sín in sókùn bí owó ẹyọ. Ní 1912, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa tẹ owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo bí ẹnu Yorùbá ṣe sọ àwọn àlejò yìí di onílé. Orúkọ bàbà, irin pupa, lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ló di kọ́bọ̀. Owó pẹ́nì mẹ́ta di tọ́rọ́, ti pẹ́nì mẹ́fà di sísì, pẹ́nì méjìlá di ṣílè, ìdajì pẹ́nì sì di ẹ̀pìnnì. Owó àjèjì ni, orúkọ rẹ̀ di tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ kà á, igba, ẹgbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún tí a jogún lọ́wọ́ owó ẹyọ ni a ń lò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé. Náírà méjì dípò pọ́n-ùn kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn, nítorí náà ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tọ́rọ́ ni kò ríbi dúró sí: kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni ì bá jẹ́, kò sì sí owó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ tọ́rọ́ kò kú lẹ́nu wa. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ṣì ń sọ pé òun kò ní tọ́rọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fojú rí tọ́rọ́ rí.

Ẹ mú owó yín jáde

Nísinsìnyí, ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, kí ẹ mú owó bébà kan jáde. Lára rẹ̀, wọ́n kọ iye rẹ̀ ní èdè Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Lára 50, ẹ óò rí àádọ́ta náírà. Lára 200, tó jáde ní 2000, igba náírà. Lára 500, tó jáde ní 2001, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Lára 1,000, tó jáde ní 2005, ẹgbẹ̀rún náírà. Ìṣirò olówó ẹyọ ni Báńkì Àpapọ̀ tẹ̀ sára bébà yìí. A ń gbé e káàkiri lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wa kò sì kà á rí.

Ní òpin ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ yí àwọ̀ 200, 500 àti 1,000 padà. Nígbà tí ó di oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2023, owó bébà di ohun àwátì jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àwọn ènìyàn tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta ọjà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún. Láàárín ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà kọ́ bí a ṣe ń gba owó sórí fóònù. Owó tí ọwọ́ kò lè dì mú ni, kì í ṣe ẹyọ, kì í ṣe irin, kì í ṣe bébà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ṣì ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ara owó ti yí padà láti ẹyọ dé fóònù, orúkọ iye rẹ̀ kò yí padà. Ogun kò pa á, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò pa á. Àwa tó ń sọ̀rọ̀ lónìí ni a fẹ́ jẹ́ kó kú sí wa lẹ́nu, nítorí pé a kò fi òkìtì kọ́ ọmọ mọ́. Nọ́ńbà lásán ni a ní kó há sórí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó ṣeé kọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba ìwọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ènì, bí ọlọ́jà ṣe ń bu díẹ̀ lé ohun tí a rà:

500: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (600 dín 100)
700: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin (800 dín 100)
900: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún (1,000 dín 100)
1,500: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ (1,600 dín 100)
2,000: ẹgbàá (igba mẹ́wàá)
3,000: ẹgbẹ̀ẹ́dógún (igba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún)
5,000: ẹ̀ẹ́dẹ́gbààta (6,000 dín 1,000)
20,000: ọ̀kẹ́ kan

Ẹ wá erèé tàbí òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹ kó o jọ ní márùn-ún márùn-ún pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, títí yóò fi di igba. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó òkìtì mẹ́ta jọ, tó sì mú ìdajì ọ̀kan kúrò, kò ní béèrè mọ́ ohun tí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́. Bí ẹ bá sì dé ọjà, ẹ fi Yorùbá ná an. Bí ìyá ọlọ́jà bá pe iye tí kò yé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó yára túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kó ṣàlàyé igba mélòó ló wà níbẹ̀.

Ire o, ó sì di ọrún.